Ímeèlì tí mi ò ṣí fún ọdún mẹ́jọ

Oṣù kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́, ní ọdún 2010, ọ̀gá kan ní ilé ìkàwé wa gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi pé kí n kọ orúkọ mi sí i, kí n sì san owó. Fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni, Nigerian Library Association, tí gbogbo wa ń pè ní NLA. Mo san án nítorí pé ọ̀gá ló ní kí n san án. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ ímeèlì sí, mo kọ èyí tí ọmọ káfẹ̀ kan bá mi ṣí nígbà tí mo ń ṣe JAMB. Mo dá fọ́ọ̀mù padà, mo padà sídìí dúrọ́ọ̀ káàdì mi, níbi tí a ń kọ àkọsílẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan sí, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sì kúrò lọ́kàn mi.

Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé ìkàwé, pàápàá ẹni tó wà ní ìlú kékeré bíi tèmi, níbi tó ti jẹ́ pé òun nìkan tàbí àwọn méjì péré ló kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣòfò, owó sì tún bá a lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọ̀nà yẹn.

Mo mọ iṣẹ́ mi nígbà náà, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbé ìwé kan síwájú mi, mi ò ní yẹ ojú ewé púpọ̀ wò kí n tó mọ ibi tí Dewey, ètò nọ́ńbà tí a fi ń to ìwé, fi í sí. Èdè Yorùbá, 496.333. Lítíréṣọ̀ Yorùbá, 896.333. Káàdì mi máa ń mọ́ tónítóní, kò sì sí ìwé tí mi ò lè rí láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé iṣẹ́ náà ń rìn lọ, èmi sì dúró sójú kan.

Àwọn ìwé ìkéde ẹgbẹ́ máa ń dé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ni wọ́n máa ń kọ wọ́n sí. Wọn á fọwọ́ sí i, wọn á kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé wọ́n ti rí i, ó di inú fáìlì, fáìlì di inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni rí ohun tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní kí n má wò ó. Lójú mi, àwọn tó ń ṣe ẹgbẹ́ ni àwọn ará yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó, àwọn ọ̀mọ̀wé tó mọ ara wọn. Bí mo bá tilẹ̀ gbọ́ pé ìpàdé wà, màá ro owó ọkọ̀, màá ro ẹni tí yóò jókòó sídìí káńtà, màá ní ó di ìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn náà á dé, màá tún ro owó ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí mo ti rí i pé àwọn tó ń ṣe irú àṣìṣe mi ṣì pọ̀. NLA àti LRCN, ìyẹn Librarians' Registration Council of Nigeria, kì í ṣe ohun kan náà. NLA ni ẹgbẹ́ tí àwa fúnra wa ń ṣe. Ó ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀, ó sì ní apá-apá fún oríṣiríṣi iṣẹ́ wa, bí apá àwọn oníkátálọ́ọ̀gì. LRCN ní tirẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìjọba tí Òfin 12 ọdún 1995 gbé kalẹ̀ láti forúkọ wa sílẹ̀, kí ó sì sọ ẹni tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ yìí. Èmi rò pé owó tí mo san fún NLA lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 2010 ti kárí méjèèjì. Kò kárí rárá. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń pe ara mi ní òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, orúkọ mi kò sí nínú ìwé àwọn tí òfin mọ̀.

Ní 2016, ímeèlì kan dé sí àdírẹ́sì tuntun tí mo ti ń lò nígbà náà. Wọ́n pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò tíì ní másítà. Wọ́n ní àwọn ti ka àpilẹ̀kọ mi, ó sì wú àwọn lórí débi pé àwọn fẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ níbi àpérò àgbáyé kan lórí ilé ìkàwé àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo ni mo ní láyé. Ìwé àtìgbàdégbà ilé ẹ̀kọ́ wa ló gbé e jáde, ẹ̀dà rẹ̀ tó pọ̀ jù sì wà nínú páálí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ilé ìkàwé wa. Inú mi sọ fún mi pé kò sí bí ará òkè òkun ṣe lè rí i kà. Àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò pè mí síbì kankan, ẹni tí ebi irú rẹ̀ bá ń pa kì í yẹ oúnjẹ wò kó tó bù ú sẹ́nu.

Dọ́là 350 ni owó ìforúkọsílẹ̀. Dọ́là ń gbówó lórí lójoojúmọ́ lọ́dún yẹn. Nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó ju owó oṣù mi méjì lọ. Mo lọ gba ẹ̀yáwó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Wọ́n bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ní òrùlé wa ń jò. Ohun kan náà ni mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi nígbà tó rí i pé wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi: mo ní mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní abúlé tún òrùlé ṣe.

Wọ́n fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́, ó ní òǹtẹ̀, ó ní ìbuwọ́lùwé. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì ń mú un jáde wò lálaalẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún ní kí n san owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tí mo lè pè. Wọn ò dáhùn. Mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣí mọ́. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dárúkọ. Obìnrin tó gbé e sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé kò sí àpérò kankan níwájú àwọn ní oṣù yẹn.

Oṣù méjìdínlógún ni mo fi san ẹ̀yáwó náà tán. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú yẹn wúwo ju owó lọ, òun náà ló sì jẹ́ kí n túbọ̀ sá fún àwọn tó yẹ kí n bá sọ̀rọ̀. Mò ń rò pé bí mo bá dé ìpàdé, ojú mi ni wọ́n ti máa kà á.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé bíi tèmi ló ti ń kígbe irú nǹkan yìí síta. Jeffrey Beall, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé Yunifásítì Colorado ní Denver, kó orúkọ àwọn atẹ̀wéjáde tó jọ pé owó òǹkọ̀wé nìkan ni wọ́n ń wá jọ, ó sì gbé e síta fún gbogbo ayé, títí di January 2017. Ètò kan tún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Think. Check. Attend., tó kọ àwọn ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sanwó àpérò. Àwọn tó ń lọ sí ìpàdé mọ gbogbo èyí. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí ìjókòó bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì. Èmi ò sí níbẹ̀.

Báyìí, bí ìpè bá dé, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ẹgbẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣètò rẹ̀. Mo máa ń wò bóyá wọ́n ti ṣe é rí, àti bóyá àwọn tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní èṣí jẹ́ ẹni tí mo lè kọ̀wé sí kí n bi í. Mo ti wá rí i pé àǹfààní gidi kì í pọ́nni. Ó máa ń ní kí o kọ̀wé, kí o dáhùn ìbéèrè, kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe, ó sì lọ́jọ́ tó máa parí. Èyí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríkì, mi ò kì í kà á dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ìgbéga ti mọ́ mi lójú, ní 2018, mo wọ aṣọ àdìrẹ tuntun. Àwọn márùn-ún ló jókòó láti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Wọ́n bi mí nípa iṣẹ́, mo dáhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà, bàbá kan tó jókòó sí ìparí tábìlì ní, "Madam, kí ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín ní LRCN?" Mo ní mi ò tíì gbà á. Ó ní, "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wo lẹ ti lọ láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn?" Mo ní mo máa ń kàwé fúnra mi. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Bíbélì ni mo fi ń búra lọ́kàn mi pé mo mọ iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ lọ, àmọ́ kò sí ìwé kankan níwájú wọn tó jẹ́rìí sí i.

Àbúrò kan tó bá mi lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fún ní ipò náà. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ káàdì. Ó ní fáìlì kan tó kún fún sátífíkéètì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i kú oríire, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní ká jọ lọ." Mo rántí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni lóòótọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ mi, àti ọ̀rọ̀ òrùlé, àti ti Lọ́ńdọ̀nù. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo ń gbé èyí láti ọdún méjì?" Ìyẹn ló jẹ́ kí n sunkún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéga.

Òun náà ló bi mí pé ímeèlì wo ni mo fún ẹgbẹ́ nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀. Mi ò ti ronú kan àdírẹ́sì yẹn fún ọdún púpọ̀. Mo ti gbàgbé paswọ́ọ̀dù rẹ̀, nọ́ńbà tí mo fi ṣí i sì jẹ́ ti àbúrò mi ọkùnrin. A rí síìmù náà nínú kóló àtijọ́ kan nílé ìyá wa, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe wọlé sínú ímeèlì tí mi ò ṣí fún ọdún mẹ́jọ nìyẹn.

Pàǹtí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fi orúkọ ẹgbẹ́ wá a, 61 ló jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìsàlẹ̀, láti èyí tó pẹ́ jù. Ìkínni káàbọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ nígbà tí mo sanwó. Ìrántí owó ẹgbẹ́. Ìkéde pé LRCN fẹ́ gba àwọn tuntun wọlé, pẹ̀lú àlàyé gbogbo ohun tí mo nílò. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí kátálọ́ọ̀gì ní ìlú tí kò tó wákàtí méjì sí ọ̀dọ̀ wa. Ìròyìn pé IFLA, ẹgbẹ́ ilé ìkàwé gbogbo àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Edinburgh ní 1927, ń gbé àpérò rẹ̀ wá sí Cape Town ní August 2015. Ní Áfíríkà níbí! Èmi tí mo lọ ń ra Lọ́ńdọ̀nù tí kò sí, ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni ojúlówó ti wá sí Gúúsù Áfíríkà.

Mo kan ọ̀kan tó ń kéde ikú. Olùkọ́ mi ni, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún ìwé ní nọ́ńbà. Ó ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ẹgbẹ́ ti pe gbogbo wa sí ìsìnkú. Mo ti kọ̀wé kí i nínú ọkàn mi ní àìmọye ìgbà láàárín ọdún mẹ́ta yẹn.

Ìpàdé ẹ̀ka ìpínlẹ̀ tó kàn, mo lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà àárọ̀, mo sọ̀ ní Òjóò, mo tún wọ mícrà. Gbọ̀ngàn kan báyìí ni, àga oníke funfun, fáànù méjì tí ọ̀kan nínú wọn kò yí. Mo jókòó sẹ́yìn. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wà ní àga iwájú mi, yíjú padà, ó wò mí dáadáa.

"Ọmọ mi, níbo lo wà látọjọ́ yìí?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ni, mà."

Ó ní, "Àwa náà ń ṣiṣẹ́." Lẹ́yìn náà ló sún báàgì rẹ̀, ó ní kí n bọ́ síwájú.

Màmá yìí ló sọ ìtàn ẹgbẹ́ fún mi nígbà tí wọ́n ń ka àbọ̀ ìpàdé. Ó ní Ìbàdàn ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní 1953, UNESCO pe ìpàdé ńlá kan síbẹ̀ lórí bí ilé ìkàwé gbogbo ènìyàn yóò ṣe dé Áfíríkà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, WALA. Nígbà tó di 1962, Nàìjíríà ní tirẹ̀. Ó dárúkọ John Harris, tó fi ilé ìkàwé Yunifásítì Otago ní New Zealand sílẹ̀ wá jẹ́ olórí ilé ìkàwé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1948. Mo ti ka àwọn déètì yìí rí fún ìdánwò. Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́ bí ìtàn ìdílé.

Ìpàdé náà fúnra rẹ̀ gùn. Wọ́n jiyàn lórí owó. Ẹ̀yìn ìpàdé ni ọ̀rọ̀ wà, nígbà tí wọ́n ń pín omi inú ọ̀rá àti mẹ́ẹ̀tì páì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa Research4Life, ètò tó ń jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó rí ìwé ìwádìí kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Hinari ti WHO ti wà láti 2002 fún ìwé ìwádìí ìlera, AGORA ti FAO láti 2003 fún iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó lè forúkọ sílẹ̀. Ọwọ́ mi dúró lórí omi tí mo ń mu. Ilé ẹ̀kọ́ wa ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá máa ń wá sídìí káńtà mi láti béèrè ìwé ìwádìí, ọdọọdún ni mo sì ń sọ fún wọn pé a ò ní i. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn pákí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá. Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni àìlọ sí ìpàdé mi ń pa lára.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti sọ pé òun fẹ́ kọ́ àwọn mẹ́fà ní Koha ní ọjọ́ Sátidé méjì, lọ́fẹ̀ẹ́, kí oníkálùkù ṣáà gbé láptọ́ọ̀pù wá. Koha ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé ìkàwé fi ń ṣe kátálọ́ọ̀gì, tí wọ́n fi ń yá ìwé fúnni, tí wọ́n sì fi ń gbà á padà. New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, fún àwọn ilé ìkàwé agbègbè Horowhenua, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ètò àtijọ́ wọn kò ní lè ka ọdún 2000. Ìbẹ̀rẹ̀ 2000 náà ni tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Ní èdè Māori, koha túmọ̀ sí ẹ̀bùn. Màmá gbọ́ ọ, ó ní, "New Zealand tún ni?" Ó dùn mọ́ ọn gidigidi.

Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ọmọ mi ni mo gbé lọ. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sì lóye nǹkan kan. Mo fẹ́ pa á tì. Ní èkejì, a dé ibi tí wọ́n ti ń kọ àkọlé ìwé, 245, olùkọ̀wé ní 100, mo sì rí i pé káàdì mi ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́jọ, tí wọ́n kàn fún ní nọ́ńbà. Ẹ̀rù kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ àmì ohùn, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kan fún mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé Yorùbá wa sínú Koha, mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, kátálọ́ọ̀gì kò sì gbọ́dọ̀ sọ wọ́n di ọ̀kan. Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi fóònù wá ìwé láìfi àmì sí i, wọn ò sì rí nǹkan kan. Èyí tó tún burú jù ni pé èmi àti ẹnì kejì mi ń tẹ ẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀: èmi á kọ ẹ kí n tó fi àmì òkè sí i, òun á kọ é kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú wa, ẹ́ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, nígbà mìíràn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. A fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dààmú. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé a gba bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé Yorùbá kan ṣoṣo, gbogbo wa ń lò ó. A ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn yí ètò àwárí sí ICU, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ka ẹ́ méjèèjì sí ọ̀kan. A sì ń kọ àkọlé aláìlámì sí 246, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ mìíràn tí ìwé ń jẹ́. Ẹni tó bá kọ oko á rí oko, á sì tún rí ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ àmì, àmì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún un.

Ní 2019, mo forúkọ sílẹ̀ ní LRCN. Iṣẹ́ tí mi ò ṣe fún ọdún mẹ́jọ, kíkó ìwé ẹ̀rí jọ àti sísan owó, ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí. Mo tún ra fáìlì ọlọ́rọ̀ọ̀rá. Mo ya fọ́tò gbogbo sátífíkéètì mi, mo fi wọ́n pamọ́ sínú ímeèlì tuntun, mo sì kọ paswọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé kan tó wà lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ mi.

Nígbà tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé ní 2020, nǹkan ṣí sílẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí. AfLIA, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé Áfíríkà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Accra, ṣe African Librarians Week láti 24 sí 30 May. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe kò ju pé kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ Áfíríkà lórí Wikipedia, kó sì fi ìwé tó jẹ́rìí sí i síbẹ̀. Láti ara ètò #1Lib1Ref (òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan, ìtọ́kasí kan) tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 ni wọ́n ti mú un. Mo ti gba àṣẹ gbé ìwé ìtàn mẹ́fà nípa àwọn ìlú Yorùbá wálé kí wọ́n tó ti ilé ẹ̀kọ́. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dára, mò ń ṣí ìwé, mò ń kọ ojú ewé sílẹ̀ lórí fóònù. Dátà wọ́n, mo ń fi òru ṣe é. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yá fún ọdún mẹ́wàá ló wá ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà ní Bàhíà ní Brazil lè kà. Èmi tí mo rò pé a ò ní nǹkan kan nílé ìkàwé wa.

Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn lẹ́yìn ìyẹn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́fẹ̀ẹ́ kan wà ní òkè òkun, àwọn tó ń pè ni wọ́n máa san gbogbo owó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí nígbà tí mo rí i, wọ́n sì béèrè nọ́ńbà páàsípọ́ọ̀tù. Mi ò ní. Bí ọdún yẹn ṣe lọ nìyẹn. Ẹ gbà á kí ẹ tó rí ibi tí ẹ máa lọ.

Lọ́dún kejì mo ní páàsípọ́ọ̀tù, mo kọ̀wé, wọn ò mú mi. Mo gbé ohun tí mo kọ lọ bá Màmá ní ilé rẹ̀. Ó fi awò ojú rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kọ gbogbo ìyà tó ń jẹ ilé ìkàwé wa síbẹ̀: iná tí kò sí, òrùlé, ìwé tó gbó. Ó ní, "Ẹkún lo sun fún wọn. Ta ni kò mọ̀ pé iná ò sí? Sọ ohun tí ìwọ máa ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí o bá dé." Mo padà kọ ọ́: iye òṣìṣẹ́ tí màá kọ́, ìwé Yorùbá tí màá kó sínú kátálọ́ọ̀gì, oṣù tí màá fi parí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n mú mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò wúlò fún ẹ tó àwọn ìgbà méjì tí mo pàdánù yẹn, nítorí náà, mi ò ní gùn ún.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nígbà tí mo ní àyè ni pé mo tọrọ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá. A kó fáìlì ìkéde jáde. Báyìí, ìwé tó bá dé láti ẹgbẹ́, a máa ń lẹ̀ ẹ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bu omi mu, a sì ń fi lẹ́ẹ̀dì pupa sàmì sí ọjọ́ tó máa parí.

Lóṣù tó kọjá, kọ́pà tó ń sìnrú ìlú lọ́dọ̀ wa gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ojú rẹ̀ ń dán. "Mà, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi." Mo wò ó. Wọ́n pè é ní Dọ́kítà. Wọ́n ti ka iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ni, ìlú ńlá ni, dọ́là ni.

Mo fa àga fún un. Yàtọ̀ sí bàbá àwọn ọmọ mi, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti ẹ̀yáwó, àti irọ́ òrùlé. A jọ wá orúkọ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn àpérò náà, a ò rí i. A wá ti èṣí, a ò rí i. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

"Mà, ìgbà wo ni ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà ni mo máa ń wọ̀."

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn káàdì kátálọ́ọ̀gì àtijọ́ tí mo kó sórí tábìlì, ó yí i padà, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀.